Ọmọ Ọdún 9 Tí Àbúrò Rẹ̀ Fẹ́ Ga Jù: Ìdáhùn fún Ìyá Kan ní Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Pápá ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé, ẹja ni mo ń tà ní Ọjà Olúwo. Ọmọkùnrin mi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní oṣù méjì sẹ́yìn. Òun ló kúrú jù ní kíláàsì rẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje sì ti fẹ́ ga jù ú. Nọ́ọ̀sì kan bá mi wọ̀n ọ́n, ó ní sẹ̀ǹtímítà 118 ni. Ọdọọdún Iléyá ni mo máa ń fi pẹ́ńsù fa ilà sí ara férémù ilẹ̀kùn wa. Láti Iléyá èṣí sí ti ọdún yìí, bí ìka méjì péré ló fi lé e. Ìyá ọkọ mi ní ẹnìkan ló gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ nígbà tó ń sùn, ọkọ mi ní ìran àwọn kò ga. Ẹni tó ń ta òògùn ní àdúgbò wa ní kí n ra sírọ́ọ̀pù àti abẹ́rẹ́ tó ń mú ọmọ ga. Ọmọ náà kò ṣàìsàn, ó tilẹ̀ sanra díẹ̀, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àfi pé ó máa ń wọ súẹ́tà ilé-ìwé rẹ̀ títí di ọ̀sán. Kò lo òògùn kankan, àyàfi èyí tí ìyá ọkọ mi ń rà fún un kí ó lè máa jẹun. Bàbá rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì márùn-ún, èmi jẹ́ márùn-ún àti ínǹṣì kan. Ṣé kí n ra abẹ́rẹ́ náà?

Ìdáhùn: Ìyáàfin, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín: ẹ má ra abẹ́rẹ́ náà, ẹ má sì ra sírọ́ọ̀pù náà. Kì í ṣe pé kò sí abẹ́rẹ́ tó lè mú irú àwọn ọmọ kan ga. Ó wà, n ó sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fa àìga ọmọ pọ̀, ìtọ́jú ọ̀kan kì í sì í ṣe ìtọ́jú èkejì, nítorí náà ẹni tó bá ta òògùn fún yín kí ó tó mọ èyí tó ń ṣe ọmọ yín, owó yín ló ń tọ́jú. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ohun méjì ni mo dúró lé lórí jù: ilà pẹ́ńsù ara férémù ilẹ̀kùn yín, àti súẹ́tà tí ẹ kàn dárúkọ bí ẹni ń kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní kúkúrú. Kì í ṣe ẹni tó kúrú jù ní kíláàsì, nítorí kò sí kíláàsì tí ẹnìkan kì í kúrú jù níbẹ̀. Ohun tí àwa dókítà ọmọdé ń ṣe ni pé a ń fi gíga ọmọ wé ti àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, tí wọ́n sì jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, lórí àtẹ ìdàgbàsókè tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe. Bí a bá to ọgọ́rùn-ún ọmọ láti orí ẹni tó kúrú jù dé orí ẹni tó ga jù, àwọn méjì tàbí mẹ́ta tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ni a máa ń yẹ̀ wò dáadáa. Ọmọkùnrin tó pé ọdún 9 sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 132 tàbí 133. Bí tirẹ̀ kò bá tó nǹkan bíi 120, ó ti wọ inú àwọn méjì tàbí mẹ́ta yẹn. Ọmọ yín tó jẹ́ 118 ti wọ ibẹ̀. Kò jìn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti wọ̀ ọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé àtẹ òyìnbó ni, pé kò bá àwa mu. Àtẹ ti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, èyí tí Àjọ náà gbé jáde ní ọdún 2006, orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n ti wọn ọmọ fún un: Brazil, Ghana, India, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ Accra wà níbẹ̀, Accra kò sì jìnnà sí wa. Ohun tó hàn ni pé bí ọmọ bá rí ọmú mu, tó rí oúnjẹ gidi jẹ, tí àìsàn kò sì dá a wó lójoojúmọ́, ọmọ Accra àti ọmọ Norway kì í fi ohun púpọ̀ ga ju ara wọn lọ ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ yẹn.

Síbẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò sọ púpọ̀ fún mi. Eré tí ọmọ ń sá, ìyẹn iye tó fi ń ga lọ́dọọdún, ló ń sọ ọ̀rọ̀. Ọmọ tuntun jòjòló sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50. Kí ó tó pé ọdún kan, yóò ti fi nǹkan bíi 25 lé e. Ní ọdún kejì, yóò fi bíi 10 sí 12 lé e. Lẹ́yìn náà eré rẹ̀ yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi wá dúró sí bíi 5 sí 6 lọ́dọọdún láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, kí ìbàlágà tó dé tí yóò tún fò sókè. Ọmọ tó kúrú ṣùgbọ́n tó ń fi 5 tàbí 6 lé e lọ́dọọdún dà bí ọkọ̀ tó pẹ́ kí ó tó gbéra ní Ẹ̀pẹ́, tó sì ń sáré bí àwọn tó wà níwájú rẹ̀: ó wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe é. Èyí tí kò fi tó 4 lé e láàárín ọdún kan ni ọkọ̀ tí a gbọ́dọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò. Ìka méjì kò lè ju sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí díẹ̀ lé ní 3 lọ. Nítorí náà, bí ilà yín bá tọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ gíga nìkan mọ́; ohun kan ti ń fà á sẹ́yìn.

Mo ní "bí ilà yín bá tọ́" nítorí pé ilà pẹ́ńsù máa ń purọ́ bí a kò bá fa á dáadáa. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọ̀la, ẹ ra tépù onírin tí àwọn káfíńtà ń lò. Ti àwọn aránṣọ máa ń nà bí ó bá ti pẹ́. Ẹ wá ara ògiri tí kò ní férémù tó yọ síta, tí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, tí kò sí kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹní lórí rẹ̀. Kí ọmọ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, kí ó ṣí fìlà, kí ó fi gìgísẹ̀, ìdí, èjìká àti ẹ̀yìn orí kan ògiri, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà pa pọ̀, kí ó máa wo iwájú gan-an láìgbé àgbọ̀n sókè, nítorí gbogbo ọmọ tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wọn òun ló máa ń na ọrùn. Ẹ gbé ìwé ẹlẹ́yìn líle kan lé e lórí, kí etí ìwé náà lẹ̀ mọ́ ògiri pẹrẹsẹ, kí ẹ wá sàmì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó padà wá dúró, kí ẹ tún un ṣe. Bí méjèèjì bá fi ohun tó ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ yàtọ̀ síra, ẹ ṣe ẹ̀kẹta. Òwúrọ̀ ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, nítorí pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀yìn ènìyàn ti máa ń sún kì, tí gíga rẹ̀ yóò sì ti dín ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún síbẹ̀. Iléyá kì í bọ́ sí oṣù òyìnbó kan náà lọ́dọọdún, nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń sún síwájú, ìyẹn nìkan sì lè da ìṣirò rú díẹ̀. Bí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tán, ẹ wọn ilà Iléyá èṣí náà láti ilẹ̀ sókè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé pélébé yẹn wúlò fún dókítà ju ìtàn gígùn lọ. Bí ẹ bá ṣì ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí nígbà tó wà lọ́wọ́, ẹ fi kún un.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín ló kàn. Àwọn àgbà ní bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, yóò jọ kíjìpá. Òótọ́ ni, ìran ló ń pín èyí tó pọ̀ jù nínú gíga ènìyàn. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì márùn-ún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 165, márùn-ún àti ínǹṣì kan jẹ́ 155. A ó ro méjèèjì pọ̀, a ó fi 13 kún un nítorí pé ọkùnrin ni ọmọ náà, a ó sì pín in sí méjì: ó jẹ́ 166 àti ààbọ̀. Bó bá ṣe ti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, 13 yẹn ni à bá yọ kúrò. Láti ibẹ̀, ọmọ lè fi bíi 8 dín tàbí kí ó fi bíi 8 lé, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ọmọkùnrin yín bá dàgbà tán, à ń retí kí ó wà láàárín bíi 158 sí 175. Nítorí náà bàbá rẹ̀ kò purọ́. Kò sí ẹni tó ń retí kí ó fi orí kan àjà. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò gba gbogbo ẹ̀bi. Ọmọ tó jẹ́ pé ìran ló mú un kúrú máa ń gba ojú ọ̀nà tirẹ̀, ó wà nísàlẹ̀, ó sì ń lọ láìdúró. Ìran lè fi ọmọ sí ìsàlẹ̀ àtẹ. Kì í dá a dúró lójú ọ̀nà. Bákan náà, ẹ má gbàgbé pé àwọn òbí mìíràn kúrú nítorí ebi àti ibà tó jẹ wọ́n nígbà ọmọdé wọn, kì í ṣe nítorí pé ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ baba ńlá wọn nìyẹn, tí wọ́n sì wá ń pe ebi àná ní ìran.

Irú ọmọ kan tún wà tí a kì í tọ́jú rárá àfi kí a máa wò ó, ìyẹn ọmọ tí aago ara rẹ̀ kàn ń lọ lẹ́yìn ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Yóò kúrú ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò kúrú ní JSS, ohùn rẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó dún, lẹ́yìn náà nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti dúró, òun yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ga. Ẹ bi bàbá rẹ̀ bóyá ó ga lẹ́yìn tó jáde ní ilé-ìwé girama, kí ẹ sì rántí ọjọ́ orí tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù yín. Bí ó bá pẹ́ gan-an, ọmọ lè jọ yín níbẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ náà, eré rẹ̀ máa ń rọra, ṣùgbọ́n a kì í retí kí ó jẹ́ ìka méjì lọ́dún ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ní ti ẹni tó gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún ìyá ọkọ yín, n kò sì ní bá a jiyàn níwájú ọmọ. Ibi tí ọmọ fi ń ga ni kèrékèré rírọ̀ tó wà ní ìparí àwọn egungun gígùn, nínú ara, níbi tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá kò lè dé. Ẹrù tí ọmọ ń rù lórí láti ọjà náà kọ́ ló ń dá a dúró.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò bí ọmọ tó kúrú bá wọlé sí mi, kí n tó béèrè ohunkóhun: ṣé ó rù ni àbí ó sanra? Bí ọmọ bá kúrú, tó sì tún rù, ọkàn mi ń lọ sí oúnjẹ, sí ikùn, sí àìsàn tó ti pẹ́ lára. Bí ó bá kúrú ṣùgbọ́n tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tí ikùn rẹ̀ sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ọkàn mi ń lọ sí àwọn họ́mọ̀nù, ìyẹn àwọn oje tí àwọn kókó inú ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó kàn sanra nítorí pé ó ń jẹun jù, gíga ló máa ń ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, "ó tilẹ̀ sanra díẹ̀" tí ẹ fi tu ara yín nínú kò tu èmi nínú.

Ẹgbẹ́ àwọn tó rù ló pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ wa. Nínú ìwádìí nípa ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, ọmọ 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 ni gíga wọn kò tó ti ọjọ́ orí wọn, àìjẹunre-kánú àti àìsàn tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ló sì wà nídìí èyí tó pọ̀ jù. Láti inú oyún títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì ni wọ́n ti ń jí gíga yìí jí, láìsí ariwo: ìyá tí kò rí oúnjẹ jẹ nínú oyún, ọmọ tí wọ́n fún ní omi àti àgbo ní oṣù kejì dípò ọmú nìkan títí di oṣù mẹ́fà, ọmọ tí ògì lásán ni oúnjẹ rẹ̀ lẹ́yìn náà, ìgbẹ́ gbuuru, aràn. N kò ní ṣàìsọ ohun kan tó máa ń dùn mí bí mo bá dé àwọn ìlú etí ọ̀sà. Ẹja tútù ń kọjá lọ sí Èkó ní agbọ̀n agbọ̀n, ọmọ ẹni tó ń tà á sì jókòó síwájú ẹ̀bà, omi ọbẹ̀ ló fi ń jẹ ẹ́, nítorí ẹja owó ni, àti nítorí pé àwọn kan ṣì gbà pé ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin àti ẹran yóò ya olè. Ẹ fún àwọn ọmọ yín ní ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun. Egungun rẹ̀ pàápàá ní kálísíọ̀mù, èyí tí àìtó rẹ̀ ń fa kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kan ní ilẹ̀ wa tẹ̀ bí ọrun. Nínú ẹgbẹ́ tó rù yìí kan náà ni a ti ń rí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ọmọ tí kíndìnrín tàbí ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ọmọ tó ní ikọ́ fée tàbí kòkòrò HIV tí wọn kò tíì mọ̀. Kíndìnrín burú jù nínú wọn, nítorí ó lè máa bàjẹ́ fún ọdún díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura, kí ó sì jẹ́ pé àìga ọmọ náà nìkan ni àmì tó fi hàn.

Ṣùgbọ́n ọmọ yín kò rù. Ó sanra, ó dákẹ́, ó ń wọ súẹ́tà ní ọ̀sán gangan ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn yòókù ti ń wá abẹ́ igi. Níwájú ọrùn wa, lábẹ́ gògóńgò, kókó kan wà tó rí bí labalábá, táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Òun ni ó máa ń wú tí a ń pè é ní gẹ̀gẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣiṣẹ́ dín láìwú rárá. Oje rẹ̀ ló ń dáná sí ara. Bí oje náà bá dín, gbogbo ara yóò máa fà: òtútù yóò máa mú ọmọ nígbà tí kò mú ẹlòmíràn, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò le, awọ ara rẹ̀ yóò gbẹ, oorun yóò máa kùn ún, yóò máa sanra díẹ̀ láìjẹ púpọ̀, gíga rẹ̀ yóò sì dúró. Àwọn olùkọ́ máa ń yin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kì í pariwo. N kò sọ pé ohun tó ń ṣe ọmọ yín nìyẹn, nítorí ìwé kò ṣeé fọwọ́ kàn bí ọrùn ọmọ; ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ yọ kúrò lọ́kàn nìyẹn, nítorí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ló ń fi í hàn, òògùn rẹ̀ sì jẹ́ hóró kan lójúmọ́, tí ọmọ ń lò ní òwúrọ̀ kí ó tó jẹun. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, yóò máa ga ju bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ga lọ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń san gbèsè. Ẹ kìlọ̀ fún olùkọ́ rẹ̀ ṣáájú: ọmọ tó ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò ta jí, yóò máa rìn káàkiri kíláàsì, àwọn òbí kan sì ti padà wá bi mí bóyá òògùn náà ló ń ba ọmọ àwọn jẹ́. Bí àìtó oje náà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kì í sábà ba ọpọlọ jẹ́ títí láé. Gíga ni kò ní sùúrù, nítorí bí a bá pẹ́ jù kí a tó tọ́jú rẹ̀, a kì í rí gbogbo ohun tó sọnù gbà padà.

Ohun kejì tó lè mú ọmọ sanra kí ó sì dá a dúró ni òògùn tí ìyá ọkọ yín ń rà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá páálí tàbí ọ̀rá rẹ̀. Àwọn òògùn tí wọ́n ń tà kí ọmọ lè jẹun kì í ṣe ọ̀kan náà. Cyproheptadine wà lára wọn, èyí tó ń mú ebi pa ọmọ, tó sì ń mú oorun kùn ún, ṣùgbọ́n tí kì í mú un ga. Èyí tí mo bẹ̀rù ni steroid, òògùn líle tó dà bí oje kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, bíi prednisolone tàbí dexamethasone, tí àwọn kan máa ń dì pọ̀ mọ́ ọn nínú ọ̀rá láìkọ orúkọ sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yóò kún, àwọn ará ilé yóò máa yọ̀ pé ara rẹ̀ ti ń gba oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ òògùn náà ń há egungun rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Àwọn kíríìmù tó ń bóra, tó ní steroid líle bíi clobetasol nínú, tí àwọn ìyá kan fi ń pa ara ọmọ kí ó lè mọ́, lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ kí ó sì ṣe bákan náà. Bí ọmọ yín bá ti ń lo irú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù, ẹ má dá a dúró lójijì nílé. Ara rẹ̀ ti lè sinmi ṣíṣe tirẹ̀, bí a bá sì já a gbà lójijì, ọmọ lè dákú bí ibà bá mú un. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Níbo ni kí ẹ lọ? Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ọsibítù Gbogboogbò ti Ẹ̀pẹ́, kí ẹ ní dókítà ọmọdé ni ẹ fẹ́ rí. Yóò wọ̀n ọ́n, yóò wo eyín rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀, yóò wo bóyá apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ara mu, yóò wo abẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìbàlágà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ ṣàlàyé fún ọmọ ṣáájú kí ojú má baà tì í. Àyẹ̀wò tí mo máa ń kọ́kọ́ kọ ni iye ẹ̀jẹ̀ àti jínótáìpù, iṣẹ́ kíndìnrín, ìtọ̀, ìgbẹ́, àti ti táírọ́ìdì, ìyẹn TSH àti T4. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò X-ray ọwọ́ òsì láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Àwọn egungun kéékèèké ọwọ́ ní ọjọ́ tí oníkálukú wọn ń yọ, bí eyín, nítorí náà a lè ka ọjọ́ orí egungun yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀. Bí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bá rí bí ti ọmọ ọdún mẹ́fà, egungun rẹ̀ ṣì ní ọ̀nà gígùn láti rìn. Ó lè jẹ́ táírọ́ìdì, ó lè jẹ́ aago tó lọ lẹ́yìn. Bí ó bá rí bí ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ìran ń di èyí tó ṣeé gbà.

Bí àwọn wọ̀nyí kò bá fi nǹkan kan hàn, tí eré rẹ̀ sì ṣì ń rọ̀, ìgbà náà ni wọ́n máa kọ ìwé fún yín lọ sí ọ̀dọ̀ amòye họ́mọ̀nù ọmọdé, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ti ń wáyé. Kókó kan tó tó ẹ̀wà wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, òun ló ń tú họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè síta, èyí tó pọ̀ jù nígbà tí ọmọ bá sùn wọra lóru. Nítorí náà, ẹni tó bá fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ ní ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan, tó ní họ́mọ̀nù rẹ̀ kéré, kò tíì sọ nǹkan kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní ohun tí yóò mú kókó náà tú oje, kí wọ́n sì máa fa ẹ̀jẹ̀ léraléra fún wákàtí mélòó kan. Títí di ọdún 1985, inú orí òkú ni wọ́n ti ń yọ họ́mọ̀nù yìí, títí wọ́n fi rí i pé ó ti kó àrùn ọpọlọ tó ń pani ran àwọn kan. Láti ìgbà náà, ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹni tí kò ní in lára. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ aláalẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó rẹ̀ ga púpọ̀, inú fíríìjì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹ wo iná wa, kí ẹ wá bi ara yín ibi tí ẹni tó ń tà á fún yín ní àdúgbò ń gbé e sí. Kò sì sí irú abẹ́rẹ́ kankan tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ bí kèrékèré ìparí egungun bá ti pa dé lẹ́yìn ìbàlágà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kánjú.

Nítorí àwọn ìyá mìíràn tí yóò ka èyí: bí ọmọbìnrin bá kúrú tí a kò sì rí ìdí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò kírómósómù, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín inú ara tó ń gbé àbùdá ìran, nítorí àìsàn kan tó ń jẹ́ Turner, tó ń bá nǹkan bí ọmọbìnrin kan nínú 2,500, lè má fi àmì mìíràn hàn ju àìga lọ títí ọmú yóò fi kọ̀ láti yọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní kékeré náà, bí kò bá tíì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gbé e wá. Ní ti aràrá, tí apá àti itan rẹ̀ kúrú ju ara rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ wọn ni òbí wọn ga bí ènìyàn gbogbo. Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́.

Ẹ kò bi mí ní ìkẹyìn yìí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n á ti máa pe ọmọ yín ní Pénpé ní ilé-ìwé. Nílé, ẹ bá a lò bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó jẹ́, kì í ṣe bí ọmọ ọdún mẹ́fà tí ojú rí. Iṣẹ́ tí àbúrò rẹ̀ kò lè ṣe, òun ni kí ẹ rán, kí àbúrò sì máa pè é ní ẹ̀gbọ́n.

Ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà láti tún un wọ̀n kí ẹ tó lọ, nítorí férémù ilẹ̀kùn yín ti bá yín dúró fún odidi ọdún kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú ìwé ìwọ̀n náà, káàdì àjẹsára, ọ̀rá òògùn ìyá ọkọ yín àti gíga ẹ̀yin méjèèjì dání. Dókítà yóò bi yín ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí wọ súẹ́tà yẹn. Ẹ ti rántí oṣù rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.